Inṣọ́ránsì Ajá àti Ológbò ní Ìlú Ọba: Ṣé Kí Ẹ San Án Ni, àbí Kí Ẹ Tọ́jú Owó Yín?

Nílé, ajá ń ṣọ́ ọgbà, ó ń jẹ àjẹkù, bí ara rẹ̀ kò bá sì yá, ẹnì kan á ránṣẹ́ pe dókítà kó wá gún un lábẹ́rẹ́. Ní Ìlú Ọba ńkọ́? Àwọn ọmọ ti sọ ajá di àbúrò wọn. Orí àga pálọ̀ ló ń sùn, wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí fún un, ó ní dókítà tirẹ̀ tó máa ń fi ímeèlì kí i. NHS, ìtọ́jú ìlera ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń ṣe fún ènìyàn, nìkan ni kò ní. Iye yòówù tí dókítà ẹranko bá kọ sínú ìwé owó, ẹni tó ni ajá ló máa san án. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta inṣọ́ránsì, tí àwọn kan ń pè ní adójútòfò, fún ajá àti ológbò.

Owó ọ̀hún kò sì kéré mọ́. CMA, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ bí àwọn oníṣòwò ṣe ń bá ara wọn díje, bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ àwọn dókítà ẹranko wò lọ́dún 2023. Wọ́n rí i pé láàárín ọdún 2016 sí 2023, iye tí wọ́n ń gbà fi ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Lọ́dún 2013, nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ilé ìwòsàn ẹranko ló wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Nígbà tí CMA fi máa débẹ̀, ó ti sún mọ́ ìdá 60. Bí owó dókítà bá sì ṣe ń gòkè ni owó inṣọ́ránsì ń tẹ̀ lé e.

Òfin kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti ra inṣọ́ránsì fún ajá. Àwọn ajá tí òfin ti kà léèwọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Bí àpẹẹrẹ, láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, ẹni tó bá ní ajá XL Bully ní England àti Wales gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, inṣọ́ránsì tó máa sanwó fún ẹni tí ajá náà bá ṣe léṣe sì wà lára ohun tí ìwé àṣẹ náà ń béèrè. Ọwọ́ àwa yòókù ni ìpinnu wà.

Kí n ti sọ èrò tèmi. Ẹni tó bá ra inṣọ́ránsì láti jèrè ti ṣì í rà. Ilé-iṣẹ́ tó ń tà á ní òṣìṣẹ́ tó ń sanwó fún, ó ń san owó orí, ó sì fẹ́ rí èrè tirẹ̀. Bí a bá kó gbogbo àwọn tó ń san án pọ̀, iye tí wọ́n ń san wọlé ju iye tí wọ́n ń gbà jáde lọ. Ìwé owó tí ẹ kò ní lè san láé ni ẹ ń sá fún. Bó bá jẹ́ pé ẹ lè san án, kò sí ohun tí ẹ ń sá fún. Torí náà, ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé èló ni inṣọ́ránsì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá iye tí ẹ lè san lọ́la

Ẹ ṣí áàpù báǹkì yín, kí ẹ bi ara yín: bí dókítà bá pè mí láàárọ̀ ọ̀la pé ajá yìí nílò iṣẹ́ abẹ, èló ni mo lè gbé sílẹ̀ láìyá owó, láìfi ọwọ́ kan owó ilé, láìgbé e sórí kírẹ́díìtì káàdì? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Owó àjọ kò sí nínú rẹ̀ bí kò bá tíì kàn yín láti kó. Ajá kì í dúró kí ó kan ẹni kó tó gbé ìbọ̀sẹ̀ mì. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ìyá yín nílé kò sí nínú rẹ̀, owó ilé-ìwé ọmọ náà kò sí níbẹ̀.

Iye náà lè jẹ́ £400. Ó lè jẹ́ £6,000. Ẹ tọ́jú ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí, òun la máa fi wọn gbogbo ohun tó kù.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjì lẹ jọ ni ilé, ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ jọ sọ: níbo ni ẹ máa dúró sí? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kódà bí owó bá wà, wọn kò lè ná £8,000 lórí ológbò tó ti pé ọdún mẹ́rìnlá láé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn mìíràn máa ta mọ́tò. Ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí tí ara ẹran yá, nítorí nínú yàrá dókítà, pẹ̀lú ọmọ tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ kò ní lè ronú dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ ohun tó lè ṣe ẹran yín

Gbogbo ajá kọ́ ló ń lọ sọ́dọ̀ dókítà bákan náà. French Bulldog àti Pug, àwọn onímú pẹlẹbẹ, kì í sábà mí dáadáa, awọ ara àti ojú wọn náà sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Dachshund, ajá gígùn ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́. Ọkàn ló máa ń yọ Cavalier King Charles lẹ́nu. Labrador, ìbàdí àti ìgbọ̀nwọ́. Bó bá sì tún sanra, orúnkún. Ajá tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìyá mọ́ baba rẹ̀ sábà máa ń lágbára ju àwọn ọmọ ọlọ́lá wọ̀nyí lọ, owó inṣọ́ránsì rẹ̀ náà sì sábà máa ń kéré sí tiwọn.

Ológbò tí kì í jáde nílé kò ní bọ́ sábẹ́ mọ́tò, òun àti ológbò aládùúgbò kò sì ní máa jà lóru. Ṣùgbọ́n bí akọ ni, ìtọ̀ rẹ̀ lè dí, èyí tó lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí a kò bá tètè gbé e lọ. Bó bá sì ti ń darúgbó, kíndìnrín, táíróòdù àti àtọ̀gbẹ ni àwọn tó sábà máa ń wá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé fóònù. Ẹ pe ilé ìwòsàn ẹranko méjì tàbí mẹ́ta ládùúgbò yín, kí ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún ohun mẹ́ta: iṣẹ́ abẹ iṣan orúnkún tó já, iṣẹ́ abẹ láti yọ ohun tí ajá gbé mì, àti rírí dókítà lóru tàbí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹnu lè yà yín sí bí iye wọn ṣe jìnnà síra. Iṣẹ́ abẹ orúnkún nìkan, kò ṣàjèjì kí wọ́n dá iye tó ti £3,000 lọ sókè. Bó bá sì jẹ́ òru, £200 lè ti lọ kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan.

Ẹ fi àwọn iye wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kìíní. Bí tiyín bá ju gbogbo wọn lọ fíìfíì, ẹ lè fo ìgbésẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kí ẹ bọ́ sí ìgbésẹ̀ kẹfà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ dá àwọn inṣọ́ránsì mọ̀ yàtọ̀ síra

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó sí wàhálà, torí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń to gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni to ata lórí àtẹ, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù á sì wà lókè. Oríṣi mẹ́rin ni wọ́n, orúkọ tí ẹ máa rí lórí ìwé wọn sì ni accident only, time-limited, maximum benefit àti lifetime. Àwọn kan tún ń pe ẹ̀kẹta ní per condition.

Ẹ jẹ́ ká mú ajá kan, ká pè é ní Tanímọ̀la. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjì, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó ń họ ara títí irun fi ń re. Dókítà ní ara rẹ̀ kò gba eruku àti koríko, pé àìsàn náà kò ní lọ tán, oògùn ló máa fi mú un mọ́lẹ̀. Ká ní oògùn àti àyẹ̀wò jẹ́ £90 lóṣù. £1,080 nìyẹn lọ́dún.

Bó bá jẹ́ accident only ni olówó rẹ̀ rà, wọn kò ní san kọ́bọ̀. Ìjàǹbá nìkan ni ìyẹn wà fún: mọ́tò gbá a, ó ṣubú, ó fẹsẹ̀ ṣẹ́. Ara yíyún kì í ṣe ìjàǹbá.

Bó bá jẹ́ time-limited, wọ́n á san án fún oṣù méjìlá. Lọ́jọ́ tí oṣù méjìlá bá pé, wọ́n á yọ ara yíyún kúrò nínú ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Ká ní Tanímọ̀la gbé ọdún méjìlá láyé, ọdún mẹ́sàn-án tó kù jẹ́ £9,720, láti inú àpò olówó rẹ̀, nígbà tó ṣì ń san owó inṣọ́ránsì lóṣooṣù fún àwọn àìsàn yòókù.

Maximum benefit kì í wo ọjọ́, owó ló ń wò. Bí wọ́n bá fi £4,000 sí àìsàn kọ̀ọ̀kan, oògùn Tanímọ̀la á jẹ ẹ́ tán kí ọdún mẹ́rin tó pé. Ó sàn ju ti ìṣáájú lọ, ó sì wúlò fún iṣẹ́ abẹ tó máa ń parí lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ àìsàn tí kì í lọ á rí ìdí rẹ̀.

Lifetime ló wọ́n jù. Iye kan wà tí wọ́n ṣèlérí fún ọdún kan, bí £7,000, tí ẹ bá sì tún ìwé ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, iye náà á padà sí kíkún, pẹ̀lú àìsàn tó ti wà nílẹ̀. Tanímọ̀la á máa rí oògùn gbà títí ayé rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá jẹ́ kí sísan já. Ẹ wo bóyá £7,000 náà jẹ́ ti gbogbo àìsàn pọ̀ lọ́dún, àbí ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tó ń jẹ́ lifetime tó jẹ́ £1,000 péré ló fẹ́ san lọ́dún; iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo ti kọjá ìyẹn.

Ìdè kan wà nínú lifetime tí àwọn tó ń tà á kì í pariwo rẹ̀. Gbàrà tí ẹran bá ti ní àìsàn, ẹ kò lè kúrò mọ́. Ilé-iṣẹ́ tuntun tí ẹ bá lọ bá máa sọ pé àìsàn náà ti wà kí ẹ tó dé, wọn kò sì ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi owó lé e lọ́dọọdún, ẹ máa san án ni.

Ohun mìíràn tún kún un. Lọ́dún 2022, òfin kan tí FCA, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣúná, ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì má ṣe máa gba owó lọ́wọ́ oníbàárà àtijọ́ ju èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tuntun. Òfin yẹn kan mọ́tò àti ilé. Kò kan ajá àti ológbò.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣírò gbogbo ọjọ́ ayé ẹran, kì í ṣe ọdún kan

Àpẹẹrẹ ni àwọn iye tí mo fẹ́ lò yìí o, ẹ fi tiyín rọ́pò wọn. Ká ní wọ́n ní kí ẹ máa san £35 lóṣù fún ọmọ ajá. £420 nìyẹn lọ́dún àkọ́kọ́. Nínú £420 yẹn, £45 jẹ́ owó orí tí ìjọba ń gbà lórí inṣọ́ránsì, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá sí i.

Ká tún ní owó náà ń fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé lọ́dọọdún, torí pé ẹran ń dàgbà, owó dókítà sì ń gòkè. Lọ́dún kejìlá, owó ọdún kan ti di nǹkan bí £1,200, ìyẹn £100 lóṣù. Bí ẹ bá ro gbogbo ọdún méjèèjìlá pọ̀, ó sún mọ́ £9,000. Iye tí ẹ ń rà nìyẹn. Iye tó wà lójú ìwé, £35, ẹnu ọ̀nà lásán ni.

Kì í tán síbẹ̀. Nígbà tí àìsàn bá dé, ilé-iṣẹ́ kò ní san gbogbo owó. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ san èyí tí wọ́n ń pè ní excess, ká ní £150. Bí ẹran bá sì ti dàgbà dé ọjọ́ orí kan, ọ̀pọ̀ wọn máa ń ní kí ẹ tún san ìdá kan nínú ohun tó kù, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sì wọ́pọ̀. Bí ìwé owó bá jẹ́ £4,500, ẹ yọ £150, ó ku £4,350. Ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ £870. Ẹ̀yin máa san £1,020, wọ́n á san £3,480. Kí ẹ wádìí bóyá excess náà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún àìsàn kọ̀ọ̀kan, tàbí lórí gbogbo ìgbà tí ẹ bá béèrè owó.

Ní òdìkejì, ẹ wo ẹni tó ní òun kò rà, tó ń tọ́jú £35 rẹ̀ lóṣooṣù. Lẹ́yìn ọdún méjìlá, ó ní £5,040, láìka èlé. Bó bá ń fi kún un lọ́dọọdún bí inṣọ́ránsì ṣe ń fi kún tirẹ̀, ó ní nǹkan bí £9,000. Bí ajá rẹ̀ kò bá ṣàìsàn ńlá, ó ti borí. Ṣùgbọ́n bí ajá bá gbé ìbọ̀sẹ̀ mì ní oṣù kẹjọ, £280 ló wà nínú àpò náà.

Gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì wà nínú gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ wo àpò yín.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ka ìwé àdéhùn kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì

Ìwé náà gùn, oorun wà nínú rẹ̀. Ẹ wá àwọn ibi wọ̀nyí.

Àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀. Èyí ló ń bí ènìyàn nínú jù. Kò dìgbà tí dókítà bá fún àìsàn lórúkọ kí wọ́n tó kà á kún. Bí ẹ bá sọ fún dókítà, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé "ó tiro díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àmọ́ ó ti lọ", dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá béèrè owó iṣẹ́ abẹ orúnkún, ilé-iṣẹ́ máa gba gbogbo àkọsílẹ̀ ẹran yín, wọ́n á ka gbólóhùn yẹn. Kí ẹ tó rà, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́ dókítà yín kí ẹ fúnra yín kà á. Ẹ má sì parọ́ nínú fọ́ọ̀mù o. Irọ́ á jẹ́ kí wọ́n rí ìdí láti má san ohunkóhun.

Ọjọ́ ìdúró. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló wọ́pọ̀ fún àìsàn. Ti ìjàǹbá sábà máa ń kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín rẹ̀, ọrùn yín ló wà, wọ́n sì lè kà á sí àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀ títí láé.

Ẹ̀yà ara tó jẹ́ méjì. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ka orúnkún ọ̀tún àti ti òsì sí ohun kan. Bí ti ọ̀tún bá ti já kí ẹ tó ra inṣọ́ránsì, ẹ gbàgbé ti òsì.

Eyín. Àwọn kan kò san owó eyín àfi bí ìjàǹbá bá kán an. Àwọn tó ń san án máa ń fẹ́ rí i pé dókítà ń yẹ ẹnu ẹran wò lọ́dọọdún.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọn kì í sanwó rẹ̀, wọn kì í sì í san owó oògùn eégbọn tàbí ti kòkòrò inú, wọn kì í san owó títẹ ajá lọ́dàá. Síbẹ̀, bí ẹ kò bá gún abẹ́rẹ́ lásìkò, tí àìsàn tí abẹ́rẹ́ yẹn ń dènà sì mú ẹran, wọn kò ní dáhùn.

Bí owó ṣe ń jáde. Ṣé dókítà ni wọ́n máa ń san án fún, àbí ẹ̀yin ni ẹ máa kọ́kọ́ san gbogbo rẹ̀, kí wọ́n tó dá a padà? Ẹni tí iye tirẹ̀ jẹ́ £400 ní ìgbésẹ̀ kìíní, bó bá ra èyí tó ní kó kọ́kọ́ san £4,000 kó tó máa retí, kò tíì rí ààbò kankan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín náà, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń gbà láti dúró de owó ilé-iṣẹ́.

Ẹ lọ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nínú ìwé àkọsílẹ̀ FCA lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí orúkọ wọn kò bá sí níbẹ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wo àwọn ọ̀nà mìíràn

Ìpamọ́ owó jẹ́ ọ̀nà gidi fún ẹni tó bá lè ya owó sọ́tọ̀. Àkáǹtì tó dá dúró ni, tó ń mú èlé wá, tí owó ń wọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lófo. Ẹ fi £1,500 tàbí £2,000 dá a sílẹ̀ bí ẹ bá ní in. Ẹ sì mọ ara yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yín á pè láti Ìbàdàn lóṣù kẹta pé òrùlé ti ṣí, tí ẹ máa yọ owó ajá ránṣẹ́, tí kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́, ọ̀nà yìí kì í ṣe tiyín. N kò dá yín lẹ́bi, ènìyàn ló ṣáájú ajá. Ṣùgbọ́n owó inṣọ́ránsì ní àǹfààní kan: ẹnikẹ́ni kò lè yá a lọ́wọ́ yín.

Ọ̀nà àárín wà. Ẹ lè ra lifetime tí excess rẹ̀ ga, bí £500, kí owó oṣooṣù lè wálẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú £500 náà sí àkáǹtì. Àwọn ohun kéékèèké, ẹ ó máa fi ọwọ́ ara yín san án. Ohun tó bá tó £5,000, ilé-iṣẹ́ ni. Òun ni èmi fẹ́ràn jù fún ọ̀pọ̀ ìdílé.

Bó bá jẹ́ pé ohun tó ń bà yín lẹ́rù ni pé ajá yín lè já mọ́ ènìyàn tàbí kó mú kí oníkẹ̀kẹ́ ṣubú, ẹ lè dara pọ̀ mọ́ Dogs Trust, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ran ajá lọ́wọ́. Owó ọdọọdún wọn kò pọ̀, inṣọ́ránsì tó ń san owó fún ẹni tí ajá bá pa lára sì wà nínú rẹ̀, títí dé mílíọ̀nù kan pọ́ùn. Kò ní san owó dókítà ajá ṣá o.

Ẹni tó bá ń gba ìrànwọ́ ìjọba bí Universal Credit, kó lọ wo PDSA, tó ti ń tọ́jú ẹran àwọn tí kò lówó láti ọdún 1917, tàbí Blue Cross. Ibi tí ẹ ń gbé wà lára ohun tí wọ́n ń wò, nítorí náà ẹ wádìí kí àìsàn tó dé.

Oògùn náà ńkọ́? Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí dókítà kọ oògùn sínú ìwé, kí ẹ lọ rà á ní ilé oògùn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní àṣẹ. Dókítà á gba owó lórí ìwé náà, àmọ́ fún oògùn tí ẹran á máa lò lóṣooṣù, ó sábà máa ń dín owó kù púpọ̀, yálà ẹ ní inṣọ́ránsì tàbí ẹ kò ní.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ pinnu

Ọmọ ajá, irú tí àìsàn máa ń bá, tí £2,000 kò sì sí nílẹ̀: ẹ ra lifetime ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé ilé yín, kí dókítà tó kọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Bí £50 lóṣù kò bá ṣeé ṣe fún ìdílé yín, ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó ra French Bulldog ju lẹ́yìn tó bá dé lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le.

Ológbò tí kì í jáde, tí ara rẹ̀ le, tí £5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì wà ní báǹkì tí kò ní iṣẹ́ mìíràn: ẹ tọ́jú owó yín.

Ajá ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò ní inṣọ́ránsì rí, tó ti ní àìsàn oríkèé àti ọkàn: ó ti pẹ́. Àwọn àìsàn tó máa ná yín lówó ni wọn kò ní gbà. Ìpamọ́ ló kù, pẹ̀lú ìpinnu tí ẹ jọ ṣe ní ìgbésẹ̀ kìíní.

Ajá tó ti wà lórí lifetime láti kékeré, tí owó rẹ̀ wá ń gun yín lọ́rùn báyìí: ẹ má fi ìbínú já a. Ẹ pe wọ́n, ẹ béèrè iye tó máa jẹ́ bí ẹ bá gbé excess ga, tàbí bí ẹ bá yọ owó tí wọ́n ń san bí ẹran bá kú tàbí sọnù. Ẹ ṣírò iye tí oògùn rẹ̀ jẹ́ lọ́dún gan-an. Bí oògùn bá jẹ́ £1,080, tí inṣọ́ránsì sì jẹ́ £900, ó ṣì ń gbè yín, bí excess kò bá jẹ ìyàtọ̀ náà tán.

Time-limited ńkọ́? Èmi kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀, àfi ẹni tí agbára rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì mọ̀ dájú pé ọdún kan péré ni wọ́n máa bá òun gbé àìsàn kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí ẹ bá ti rà á

Ẹ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti yí ọkàn padà, kí wọ́n dá owó yín padà. Ẹ lo ọjọ́ yẹn láti ka ìwé tí ẹ kò kà tán.

Bí iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì bá dé, ẹ ní kí dókítà kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ṣáájú bóyá wọ́n máa san án. Bí wọ́n bá kọ̀ tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí wọn, ẹ tọ́ka sí ìlà tó wà nínú ìwé àdéhùn, ẹ fi lẹ́tà dókítà tì í. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá kọjá tí wọn kò dáhùn, tàbí tí wọ́n dáhùn tí ìdáhùn náà kò tọ́ lójú yín, ẹ gbé e lọ sí Financial Ombudsman Service, àwọn tó ń parí aáwọ̀ láàárín oníbàárà àti ilé-iṣẹ́ ìṣúná. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò nílò lọ́yà. Láti ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá ti kọ lẹ́tà ìdáhùn ìkẹyìn, oṣù mẹ́fà lẹ ní.

Ohun kan tó kù: bí ẹ bá ti gba owó lọ́wọ́ wọn nínú ọdún kan, tí ẹ wá fẹ́ fagi lé inṣọ́ránsì kí ọdún náà tó parí, ọ̀pọ̀ wọn máa ní kí ẹ san owó oṣù tó kù pé. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ìtúnṣe pé, kí ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú kí wọ́n má ṣe yọ owó ọdún tuntun, torí fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń tún ara rẹ̀ ṣe.